Ta Ló Ṣe Apàṣẹwàá Jù? Ìfiwéra fíìmù márùn-ún lórí bí wọ́n ṣe dórí àléfà

Ajá kékeré kan wà nínú ìtàn Adolf Hitler. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni ajá náà ṣìnà láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó já sínú yàrà tí àwọn ará Jámánì gbẹ́. Hitler mú un, ó sọ ọ́ ní Foxl, ó kọ́ ọ ní eré, ó ń bá a sùn. Wọ́n jí ajá yìí gbé ní 1917, ó sì dun ọ̀gbẹ́ni náà débi pé nígbà tó di alágbára tán, ó ṣì ń ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó ń bá a jẹun. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù apá méjì tí wọ́n ṣe lórí ìgòkè rẹ̀ ní 2003, ńṣe ló ń lu ajá náà bí ẹni lu bàrà.

Ẹ lè ní kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ajá. Lójú tèmi, ajá yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe fíìmù náà fẹ́ ká mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òǹrorò nìyí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ ojú òǹrorò ló gbé wọ ìlú Munich, ta ni ì bá dá a lóhùn? Àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un nílé ọtí, àwọn ìyàwó olówó tó gbà á lálejò, àwọn àgbà òṣèlú tó gbé ìjọba lé e lọ́wọ́, ṣé ojú gbogbo wọn fọ́ ni?

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí lórí irú fíìmù báyìí: èwo ló jẹ́ òótọ́, èwo ni kí n wò? Ìdáhùn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Fíìmù lè mọ ọjọ́, mọ ìlú, mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kó sì tún parọ́ fún ẹ nípa bí ọkùnrin kan ṣe gba orílẹ̀-èdè mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn tí mo kó sórí òṣùwọ̀n nìwọ̀nyí: Hitler: The Rise of Evil, ti 2003, Stalin, ti 1992, Rise and Fall of Idi Amin, ti 1981, The Last King of Scotland, ti 2006, àti M: Il figlio del secolo, eré alápá mẹ́jọ tí àwọn ará Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í wò nílé ní oṣù Kìíní 2025. Mo fi Downfall ti 2004 sílẹ̀, bí Bruno Ganz tó ṣe Hitler ṣe dára tó nínú rẹ̀, torí pé ọjọ́ ìgbẹ̀yìn Hitler lábẹ́ ilẹ̀ ní Berlin ló dá lé. Ìṣubú nìyẹn. Ìgòkè là ń wá.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Òtítọ́ ló ṣíwájú, ṣùgbọ́n irọ́ inú fíìmù pé oríṣiríṣi. Èyí tí mo ń pè ní ìkékúrú wà, níbi tí wọ́n ti kó ohun oṣù mẹ́fà sínú ìran kan, tàbí tí wọ́n sọ olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta di ẹnì kan. Ìyẹn ò bí mi nínú. Wákàtí méjì ò lè gba ogún ọdún. Àhesọ wà, níbi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ ẹnu tí ẹnikẹ́ni ò fìdí rẹ̀ múlẹ̀, tí wọ́n wá gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé kámẹ́rà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyẹn léwu díẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìyísódì: ohun tó ṣẹlẹ̀ wà lákọsílẹ̀, wọ́n sì yí i padà kí ìtàn lè dùn, tàbí kí ẹni burúkú lè burú sí i. Ti ajá yẹn, ìyísódì ni. Ibẹ̀ ni mo ti ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn òtítọ́, ẹni tó kó ipa náà. Ìjọra ojú ni ọ̀pọ̀ ń wò, ṣùgbọ́n irunmú lásán ò sọ èèyàn di Hitler. Ọjọ́ orí òṣèré ńkọ́? Ohùn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó jọ ti ẹni tó wá láti ìlú tí wọ́n ní ó ti wá? Èyí tó ga jù lójú mi ni pé tó bá rẹ́rìn-ín, ṣé ó ń ṣe ẹ̀yin tí ẹ jókòó sílé bíi kí ẹ sún mọ́ ọn? Tí kò bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, òṣèré náà kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ìdajì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgòkè fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Kò sí apàṣẹwàá kankan tó dá gbé epo tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lájà. Mo máa ń wo bóyá fíìmù náà fi àwọn tó na ọwọ́ sókè gbà á hàn wá.

Owó àti àkókò ló kù. Wákàtí kan fíìmù lórí Netflix ń jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 1 tí àwòrán kò bá mọ́lẹ̀ púpọ̀, ó sì lè jẹ tó 3 tó bá mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìṣirò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré alápá mẹ́jọ lórí dátà fóònù.

Hitler: The Rise of Evil

Ilé iṣẹ́ Kánádà ló ṣe é fún CBS ti Amẹ́ríkà, Christian Duguay ló darí rẹ̀, ìlú Prague ni wọ́n ti yà á. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni apá méjèèjì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà èwe Hitler ní Ọ́síríà, ó sì dúró ní 1934, nígbà tí Ààrẹ Hindenburg kú tí ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba tún gba oyè ààrẹ mọ́ ọn.

Tí a bá yọ M sẹ́yìn, òun ló ya àkókò púpọ̀ jù sọ́tọ̀ fún ìgòkè. Ẹ óò rí ìdìtẹ̀ ilé ọtí ti oṣù Kọkànlá 1923, ẹ óò rí ilé ẹjọ́ tí ọ̀daràn ti sọ ibi ìgbẹ́jọ́ di pẹpẹ ìwàásù, ẹ óò sì rí àwọn Hanfstaengl, tọkọtaya olówó tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ọlọ́lá fún ọmọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó nídìí tábìlì. Ìran tí ìyàwó náà, Helene, ti gba ìbọn lọ́wọ́ Hitler lẹ́yìn tí ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n, inú àkọsílẹ̀ ìtàn ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Fritz Gerlich, akọ̀ròyìn tó ń kọ̀wé takò wọ́n títí wọ́n fi pa á ní ọgbà ìfìyàjẹni Dachau ní 1934. Matthew Modine ló ṣe é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún Gerlich, torí pé àwọn fíìmù míì kì í rántí pé ẹnì kan kígbe.

Àmọ́ ìwé òpìtàn Ian Kershaw ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé e lé, nígbà tó sì yá, Kershaw ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó gbé eré náà kalẹ̀, Ed Gernon, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ kí fíìmù tó jáde, torí pé ó fi ìbẹ̀rù tó wà ní Jámánì ìgbà náà wé ti Amẹ́ríkà tó fẹ́ gbógun ti Iraq. Fíìmù tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu akọ̀ròyìn dé!

Robert Carlyle, ọmọ Glasgow, ló ṣe Hitler. Ọjọ́ orí rẹ̀ bá a mu. Ó ti lé ní ogójì díẹ̀, bíi ti Hitler nígbà tó di olórí ìjọba. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìbínú, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú: iṣan ọrùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ojú tí kì í ṣẹ́. Ìṣòro ni pé ó ti gbóná láti ìran kìíní, kò sì tutù mọ́. Hitler tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ròyìn a máa fẹnu ko ìyáàfin lọ́wọ́, a máa pa ẹ̀dà ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kí gbogbo yàrá lè rẹ́rìn-ín. Carlyle kò rí ààyè ṣe ìyẹn, ìwé eré ò fún un. Ẹni tó dùn mí wò jù ni Peter O'Toole tó ṣe Hindenburg: arúgbó tó mọ̀ pé nǹkan tí òun fẹ́ fọwọ́ sí kò dáa, tó sì fọwọ́ sí i. Ìran rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ju gbogbo ariwo apá kìíní lọ.

Stalin

Èyí kò ní pẹ́. HBO ló ṣe é, Ivan Passer ló darí rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Ohun tó ní tí ẹnikẹ́ni ò ní ni ibi tí wọ́n ti yà á: wọ́n gbà wọ́n láyè nínú Kremlin, ààfin ìjọba ní Moscow, gan-an, lákòókò tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń tú ká. Tí ẹ bá rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nìyẹn.

Robert Duvall gba Golden Globe fún un, n kò sì ní bá wọn jà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ojú tí wọ́n fi rọ́ ọ lójú pọ̀ jù. Ojú náà kì í mì, ó dà bí ẹni tó gbé egúngún wọ̀. Ọwọ́ òsì tó ní àbùkù wà níbẹ̀, irunmú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Bukharin jẹ kò sí níbẹ̀. Julia Ormond tó ṣe Nadya ìyàwó rẹ̀ ló gbé fíìmù náà ró; ìgbà tí obìnrin náà para rẹ̀ ní 1932 ni ọkàn mi wọ inú ìtàn náà jù.

Ìgòkè ńkọ́? Wọ́n fún un pọ. Láti 1917 títí dé ikú rẹ̀ ní 1953 ni wọ́n fẹ́ sọ tán, ọmọbìnrin rẹ̀ Svetlana ni wọ́n sì fi ṣe apìtàn. Ní 1922 tí wọ́n fi Stalin ṣe akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́, iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè é. Kò sẹ́ni tó ń du ìwé àti fáìlì mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú fáìlì yẹn ló ti ń fi àwọn èèyàn tirẹ̀ sípò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Lenin, olórí wọn, fi kú ní 1924 tí àwọn tó kù fi rí i pé ilẹ̀ ti ṣú. Èyí ni mo fẹ́ rí. Fíìmù yìí sáré kọjá rẹ̀ kó lè dé ilé ìyàwó.

Amin méjì

Ọkùnrin kan náà, òṣèré méjì, ọdún 25 láàárín wọn. Ibí ni ìfiwéra ti dùn jù.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ kò ní rí. Idi Amin wọ iṣẹ́ ológun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, King's African Rifles, ní 1946. Ó di akànṣẹ́ tó mókè jù ní Ùgáńdà, ó sì fi bí ọdún mẹ́wàá wà nípò yẹn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó lágbára, ó ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í béèrè ìdí. Ní 1966, Milton Obote rán an lọ kọlu ààfin Kabaka ti Buganda ní Mengo, ọba náà sá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 25 oṣù Kìíní 1971, tí Obote wà ní ìpàdé ní Síńgápọ̀, Amin gba ìjọba. Àwọn èèyàn jó ní ìgboro Kampala. Ó tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, ó sì gbé òkú Kabaka wálé kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè sin ín. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tètè gbà á ní olórí.

Nínú gbogbo èyí, fíìmù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìgbà jíjó ti dé. Obote tó kọ́ Amin bí wọ́n ṣe ń bunijẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Rise and Fall of Idi Amin, tí Sharad Patel darí, ni wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà kété lẹ́yìn tí Amin sá lọ ní 1979. Joseph Olita, ọmọ Kẹ́ńyà, ló ṣe é. Ẹ̀yin ará, ìjọra yẹn ń dẹ́rù bani. Àyà, ọrùn, ìrìn, bó ṣe ń yí orí padà pẹ̀lú gbogbo ara. Ohùn rẹ̀ náà, ohùn ẹni tó dàgbà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni, kò ní kó wá ohun tí yóò fi jọ ọ́. Ìjọra yìí ló mú kí wọ́n tún pè é kó wá ṣe Amin nínú Mississippi Masala ní 1991. Nǹkan míì wà níbẹ̀ tí n kò rí nínú fíìmù míì: Denis Hills, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tí Amin dá lẹ́jọ́ ikú ní 1975 torí pé ó pè é ní apàṣẹwàá abúlé, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ara rẹ̀. Ọkùnrin tó bọ́ lọ́wọ́ ikú padà wá dúró níwájú ẹni tó jọ ẹni tó fẹ́ pa á.

Ṣùgbọ́n fíìmù náà sọ àǹfààní yìí nù. Ó kó gbogbo àhesọ jọ, orí èèyàn nínú fíríìjì, ẹran ara èèyàn, ó fi wọ́n sójú wa láìfi iyèméjì kankan sí i. Kò pọn dandan. Àwọn tó kú lábẹ́ ìjọba yẹn pọ̀, ìṣirò kan sì gbé e dé 300,000. Kí ni a tún ń fi fíríìjì ṣe? Bí Olita ṣe dára tó, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀bọ inú ọgbà tí àwọn èèyàn ń nàka sí. Tí ẹ bá ní ọmọdé nílé, ẹ gbàgbé rẹ̀.

The Last King of Scotland wá ṣe òdìkejì. Kevin Macdonald ló darí rẹ̀, Ùgáńdà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti yà á, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì. Forest Whitaker, ọmọ Amẹ́ríkà, kò jọ Amin tó Olita. Ojú rẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tí ti Amin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ Swahili, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àkọ́díọ̀nù, ohùn rẹ̀ sì sún mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ Ùgáńdà gbọ́ ibi tó ti yẹ̀. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí létí wa tí ará òkèèrè bá ń ṣe ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀ ẹ wo ìran tó ti bọ́ ẹ̀wù ológun rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, tó sì gba ẹ̀wù tí wọ́n kọ Scotland sí. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà Ọdún fún. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ẹ̀rín yẹn ń dùn mí ní ikùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní Oscar ní 2007.

Níbi òtítọ́ ni ó ti ṣubú, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Dókítà tí ìtàn náà dá lé, Nicholas Garrigan tí James McAvoy ṣe (ọmọ Glasgow ni òun náà, n kò mọ ohun tó pa Glasgow pọ̀ mọ́ àwọn apàṣẹwàá), kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Inú ìwé ìtàn àròsọ tí Giles Foden kọ ní 1998 ló ti jáde. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni, mi ò ní jà. Àwọn òyìnbó tó sún mọ́ Amin wà, Bob Astles ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún Kay ni mo ń bá wọn jà sí. Kay, ìyàwó Amin, wà láyé lóòótọ́. Amin kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 1974, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, wọ́n rí òkú rẹ̀ tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ nínú búùtù ọkọ̀ dókítà ọmọ Ùgáńdà kan tí wọ́n ní ó jẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀. Fíìmù náà mú ikú obìnrin yìí, ó yọ ọmọ Ùgáńdà kúrò níbẹ̀, ó fi òyìnbó àròsọ rọ́pò rẹ̀. Ìyísódì nìyẹn, èyí tó wúwo ju ti ajá lọ, torí pé Kay ní ẹbí.

Tí ẹ bá wá bi mí pé ta ló ṣe Amin jù, èsì mi ni pé Olita ní ara Amin, Whitaker ní ìdí tí wọ́n fi tẹ̀ lé e. Àwọn òṣèré míì ti gbìyànjú rẹ̀ kí méjèèjì tó dé. Godfrey Cambridge, aláwàdà Amẹ́ríkà, ń ṣe é lọ́wọ́ nínú fíìmù kan lórí bí wọ́n ṣe gba àwọn tí wọ́n jí gbé sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Entebbe ní Ùgáńdà, ní 1976 nígbà tó ṣubú lulẹ̀ lójú iṣẹ́ tó sì kú. Ẹlòmíì ló parí rẹ̀.

M: Il figlio del secolo

Luca Marinelli ló ṣe Benito Mussolini, apàṣẹwàá Ítálì, Joe Wright ló darí rẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ fi hàn ní Venice ní 2024. Ìwé Antonio Scurati tó gba Strega, ẹ̀bùn ìwé ní Ítálì, ní 2019 ni wọ́n gbé e lé. Èdè Ítálì ni wọ́n ń sọ, ẹ óò máa ka ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Apá mẹ́jọ, bí wákàtí kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sky ló ni ín ní Yúróòpù, MUBI ló gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Òun ló wọ́n jù nínú owó àti àkókò, kò sì sí iyèméjì pé òun ló mọ ohun tí ìgòkè jẹ́.

Ọdún mẹ́fà péré ni ó sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta 1919, tí àwọn èèyàn díẹ̀ kó ara wọn jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Piazza San Sepolcro ní Milan, ó sì parí ní 3 oṣù Kìíní 1925, tí Mussolini dúró nílé aṣòfin tó ní òun gba ẹ̀bi gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣe nǹkan kan fún un. Láàárín méjèèjì, ẹ wo àwọn ọwọ́ tó nà sókè gba epo. Giolitti, àgbà òṣèlú tó gbọ́n bí ìjàpá, fi àwọn Fásíìsì, ẹgbẹ́ Mussolini, sínú àwọn olùdíje rẹ̀ ní 1921, ó rò pé òun yóò fi ipò dí wọn lẹ́nu kí wọ́n lè dákẹ́. Wọ́n rí àga 35 gbà. Ní oṣù Kẹwàá 1922, tí àwọn jàǹdùkú Mussolini ń rìn nínú òjò lọ sí Róòmù, ọ̀gá wọn wà ní Milan lẹ́bàá ibodè, tó bá bàjẹ́ kó lè sá. Ọba Victor Emmanuel kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tí ì bá jẹ́ kí ọmọ ogun lé wọn. Mussolini wá wọ ọkọ̀ ojú irin, ó sùn sínú rẹ̀ dé Róòmù, wọ́n fi í jẹ olórí ìjọba.

Marinelli sanra fún iṣẹ́ náà, ó fá orí. Ọmọ Róòmù ni, Predappio ní Romagna ni Mussolini ti wá, etí àwọn ará Ítálì lè bá a wí. Ọjọ́ orí rẹ̀ bára mu gan-an. Àmọ́ ohun tó ṣe tó fi borí àwọn tó kù ni pé ó máa ń kọjú sí kámẹ́rà, ó ń bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀. Ó ń fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, ó ń ṣẹ́jú sí yín, ó ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun. Ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ tó mọ̀. Tí wọ́n bá wá gbé Giacomo Matteotti, aṣòfin tó takò wọ́n, lọ pa ní oṣù Kẹfà 1924, ẹ óò wo ara yín pé ta ni mò ń bá rẹ́rìn-ín láti àná.

Mussolini gidi kò bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la mọ̀. Irọ́ tó pe ara rẹ̀ ní irọ́ ni, kò tan ẹnikẹ́ni. Ibi tó bí mi nínú ni ìgbà tó sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ sọ Ítálì di ńlá padà, lọ́rọ̀ kan náà tí a mọ̀ lẹ́nu olóṣèlú Amẹ́ríkà. A ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kò yẹ kí ẹ tún fi ìgùnpá gún wa. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ní Ítálì rí àṣìṣe nínú ìwé Scurati nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Àṣìṣe ọjọ́ àti orúkọ ni. Mo fara mọ́ irú àṣìṣe yẹn ju àṣìṣe ìdí ọ̀rọ̀ lọ. Orin onílù ẹ̀rọ tí wọ́n lù sínú rẹ̀, bí ti ilé ijó, tí etí yín bá jẹ́ etí àgbà, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù.

Ìkẹfà tí a ò pè

Mi ò kà á mọ́ wọn torí pé kò sọ ìtàn ẹnikẹ́ni tó wà láyé, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó lè sọ̀rọ̀ yìí tán láìdárúkọ Ṣaworoidẹ? Túndé Kèlání gbé e jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni ìtàn náà sì ti wá. Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe Lápité, ẹni tó fẹ́ jọba láìgba gbẹ́rẹ́ tó so ọba mọ́ ìlú. Kò sí ọjọ́ tí ẹ lè yẹ̀ wò, kò sí ojú tí ẹ lè fi wé fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tó mọ̀ pé kò gba gbẹ́rẹ́, tí wọ́n sì jókòó tì í torí ohun tó ń bọ́ sápò wọn, ẹ ò ní rí irú wọn nínú fíìmù Stalin yẹn.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń kàwé nípa ìtàn Yúróòpù, M ni kó mú, kó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì wò ó, apá kan lálẹ́ kan. Tí Jámánì bá jẹ́ dandan, The Rise of Evil, ṣùgbọ́n kó fo ìgbà èwe àti ajá, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1923, kó má sì fi í ṣe ẹ̀rí nínú ìwé àpilẹ̀kọ. Olùkọ́ tó fẹ́ fi han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, apá kejì rẹ̀ náà ló bá wọn mu jù. Ìdìbò, ilé aṣòfin tó jóná ní 1933, Hindenburg, ó wà níbẹ̀ létòlétò.

Stalin wà fún ẹni tó fẹ́ mọ ohun tí ó jẹ́ láti jẹ́ ìyàwó tàbí ọmọ nínú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mọ bó ṣe gba ipò, ìwé ni kó wá.

Fíìmù 1981 yẹn, òṣèré nìkan ni mo lè gbà níyànjú pé kó wò ó. Kó pa ohùn rẹ̀ mọ́ pátápátá, kó máa wo èjìká Olita.

Ẹni tó ní alẹ́ ọjọ́ kan péré, tí kò ní ju gígábáìtì méjì lọ, The Last King of Scotland ni, pẹ̀lú àdéhùn pé yóò gbàgbé gbogbo ohun tó bá rí nípa dókítà náà àti Kay. Ìran kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ tí Amin ti ń bá àwọn ará abúlé sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ wo Whitaker. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà, kí ẹ wo àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.